Ìlera ìdílé nígbà ọlidé Kérésìmesì ní Ìlú Ọba: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ìyá Ọmọ Méjì (Birmingham):

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan lọ̀ yín kí ọlidé tó wọlé dé. Ìyá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn láàárín oṣù Kejìlá, wọn yóò sì wà lọ́dọ̀ wa títí di oṣù Kejì. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn kò sì tíì fojú kan òtútù ìlú yìí rí. Ọmọ mi àgbà jẹ́ ọmọ ọdún méje, SS ni (àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sickle cell), ìgbà òtútù ni ara sì máa ń ni ín jù. Àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù méjì àbọ̀. Ọkọ mi ń ṣe iṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà, kò sì sí irú ọ̀fìnkìn tí kì í bá a wálé. Lọ́jọ́ Kérésìmesì gan-an, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn ń bọ̀ láti Coventry àti Wolverhampton, ilé wa kò sì tóbi. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ mú, kí sì ni kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú lé lórí?

Nọ́ọ̀sì Leeds:

Àbúrò mi, ẹ kú ìmúra àlejò. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, nítorí pé òun ni kì í dúró de ẹnikẹ́ni: ó máa ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí a bá gba abẹ́rẹ́ flu kí ara tó mọ bí yóò ṣe bá àrùn náà jà, ẹni tí ó bá sì fi falẹ̀ di ìgbà tí àlejò ti kún ilé ti pẹ́ jù. Ọmọ yín tí ó ní SS lẹ́tọ̀ọ́ sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó bá ti pé ọdún 65, aboyún, àti ẹni tí ó ní ikọ́ fée, ìtọ̀ ṣúgà tàbí àrùn ọkàn. Kí ọkọ yín béèrè tirẹ̀ níbi iṣẹ́, nítorí pé àwọn tí ń tọ́jú àgbà kò gbọ́dọ̀ wà láìgbà á. Ní ti Ìyá, bí ó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n gbà á ní Ìbàdàn kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Bí kò bá ṣeé ṣe, ilé apòògùn ìhín ń tà á fún ẹni tí ó bá fẹ́ sanwó. Wọn kì í fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, nítorí náà ara àwọn tí ń gbé e jó ni ààbò tirẹ̀ wà.

Kòkòrò kan tún wà tí wọ́n ń pè ní RSV, tí ó máa ń mú kí ọmọ ọwọ́ mí hẹlẹhẹlẹ ní ìgbà òtútù tí kò sì ní lè mu ọmú. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni wọ́n ti ń fún àwọn aboyún ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ bí oyún bá ti pé ọ̀sẹ̀ 28, kí ọmọ lè gbé ààbò náà wá sáyé. Bí ẹ bá gbà á nígbà oyún, ẹ kú ọgbọ́n. Bí ẹ kò bá gbà á, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí imú rẹ̀ ń ṣàn fẹnu ko ọmọ náà lẹ́nu, ìbáà ṣe ẹ̀gbọ́n ọkọ, ìbáà ṣe pásítọ̀. Kí olúkúlùkù fọ ọwọ́ kí ó tó gbà á mọ́ra, kí a sì sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà kí ó má baà di ìjà nínú yàrá.

Ẹ ra tẹmọ́mítà kí ẹ sì fi í sí ibi tí gbogbo ilé mọ̀. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí dókítà rí i lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bí ó jẹ́ òru ọjọ́ Kérésìmesì. A kì í fi omi tútù pa á lára kí a máa wò ó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Nọ́ńbà 111 ni ẹ óò pè bí ẹ kò bá mọ ibi tí ẹ máa gbé e lọ, 999 sì ni bí mímí rẹ̀ bá ń le.

Alhaja Luton:

Mo fẹ́ fi èyí kún ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, nítorí pé mo rí i tí ọ̀pọ̀ ìyá ní mọ́ṣáláṣí wa ń da ìwé ilé ìwé padà láìfọwọ́ sí i. Oògùn flu tí wọ́n ń fín sí imú àwọn ọmọ ilé ìwé ní jẹ́látìnì tí a ṣe láti ara ẹlẹ́dẹ̀ nínú, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ mìíràn tí kò ní in wà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé náà pé abẹ́rẹ́ ni ẹ fẹ́ dípò èyí tí a ń fín sí imú, wọn yóò sì fún ọmọ yín. Kí a má tìtorí ohun tí ó ní ọ̀nà àbáyọ fi ọmọ sílẹ̀ láìní ààbò.

Bàbá Ọmọ Peckham:

Ìyá Ọmọ Méjì, èmi náà bí ọmọ SS, ó ti di gìrìpá ọmọ ọdún mẹ́rìnlá báyìí. Ẹ jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹbí ló rò pé bí a bá ti fi kóòtù ńlá bo ọmọ mọ́lẹ̀, ó parí.

Òtútù máa ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ fún. Bí ó bá sì ti fún, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ̀ bí dòjé yóò há sójú ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ibi tí ó yẹ kí ó dé, egungun ẹsẹ̀ àti ti ẹ̀yìn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọmọ náà gógó. Èyí tí ó burú jù níbẹ̀ ni kí ara bọ́ láti inú ooru sínú òtútù lójijì: kí ọmọ sáré jáde kúrò nínú ilé tí ó gbóná láti lọ wo yìnyín láìwọ ìbọ̀wọ́, tàbí kí ó jókòó nínú ọkọ̀ tí kò tíì gbóná, tàbí kí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ rin lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kí ó sì jókòó pẹ̀lú rẹ̀ títí ìsìn yóò fi parí. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta tí a wọ̀ léra wọn sàn ju ẹyọ kan tí ó nípọn lọ, nítorí pé ó ṣeé bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ó bá wọ ilé, òógùn kò sì ní bò ó kí ó tó tún jáde. Ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ àti ìbọ̀wọ́ kan gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì yín nígbà gbogbo. Ẹ tan ọkọ̀ kí ó gbóná kí ọmọ tó jáde síta.

Omi ni ohun kejì, òun ni a sì máa ń gbàgbé jù. Ẹ̀rọ amúlégbóná máa ń fa omi gbẹ lára, òùngbẹ kì í sì í gbẹ ọmọdé nígbà òtútù bí ó ṣe máa ń gbẹ ẹ́ nígbà oòrùn. Ọmọ tèmi kì í fẹ́ omi tútù ní oṣù Kejìlá, nítorí náà omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni a máa ń rọ sínú ìgò rẹ̀, a ó sì ge ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kí ó lè dùn lẹ́nu. Lọ́jọ́ àríyá, ẹ̀yin ni kí ẹ máa wo ìgò náà bóyá ó ń lọ sílẹ̀, nítorí pé eré kò ní jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ rántí. Bí ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ẹ fi nǹkan gbígbóná tí a fi aṣọ wé lé ibẹ̀. Ẹ má ṣe gbé yìnyín lé e láéláé.

Oògùn penicillin rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ lọ́jọ́ kan, kódà lọ́jọ́ tí àlejò bá pọ̀ tí gbogbo nǹkan dàrú. Ẹ̀yà inú tí ó yẹ kí ó máa sẹ́ kòkòrò kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lára ọ̀pọ̀ ọmọ SS, ìdí sì nìyí tí ibà tí ọmọ mìíràn yóò fi oorun kan lé lọ fi lè di ọ̀rọ̀ ńlá lára wọn. Bí ara bá gbóná dé 38°C, ilé ìwòsàn yá. Ẹ mú ìwé ìtọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹ bá ń lọ, nítorí pé àwọn dókítà tí ó mọ ọmọ yín lè wà ní ọlidé. Wọ́n ti fi wa jókòó rí ní ilé ìwòsàn kan títí ọmọ fi sunkún sunkún tí ohùn rẹ̀ há. Lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé ìlànà NICE, àjọ tí ń la ọ̀nà ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn, tí ó ti wà láti ọdún 2012 sọ pé láàárín ìṣẹ́jú 30 tí ẹni tí ara ń ro nítorí SS bá dé ilé ìwòsàn ni kí wọ́n ti fún un ní oògùn ìrora. Láti ìgbà náà, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́.

Ìyá Ìbejì (Bristol):

Ẹ jẹ́ kí èmi sọ̀rọ̀ nípa Ìyá àgbà àti ọmọ ọwọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ìjà pẹ̀lẹ́tù ti máa ń bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ìyá ọkọ mi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n wo ojú fèrèsé, wọ́n rí i pé gbogbo nǹkan funfun báláú, wọ́n sì pinnu pé àwọn ìbejì ò ní tutù lójú àwọn. Fìlà olówùú, ìbọ̀sẹ̀ lórí ìbọ̀sẹ̀, súwẹ́tà, ṣọ́ọ̀lì tí wọ́n wé yí wọn ká, wọ́n wá gbé híítà sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Nígbà tí mo fi ìka kan ẹ̀yìn ọrùn Kẹ́hìndé, òógùn ti lẹ irun rẹ̀ mọ́ awọ.

Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó léwu, nítorí pé ooru àpọ̀jù nígbà oorun wà lára ohun tí ó máa ń mú kí ikú òjijì pa ọmọ ọwọ́. Ìwọ̀n ooru yàrá tí ọmọ ń sùn sí gbọ́dọ̀ wà láàárín 16°C sí 20°C. Kí ó dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn, kí ó má dé fìlà nínú ilé, kí bùláńkẹ́ẹ̀tì má sì bò ó lójú. Ọwọ́ ọmọ lè tutù kí ara rẹ̀ sì wà dáadáa. Àyà tàbí ẹ̀yìn ọrùn ni a ń fọwọ́ kàn láti mọ̀. Bí ẹ bá ń gbé e lọ nínú ọkọ̀, ẹ bọ́ kóòtù onífóòmù lára rẹ̀ kí ẹ tó so bẹ́líìtì àga rẹ̀, kí ẹ sì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó láti òkè, nítorí pé bẹ́líìtì tí a so lé kóòtù nípọn kì í di ọmọ mú bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan. Bí Ìyá bá fẹ́ pọ̀n ọ́n, kò burú, ṣùgbọ́n kí ọrùn rẹ̀ ti gbó ná, kí imú rẹ̀ má sì há mọ́ inú aṣọ.

Báwo ni a ṣe ń sọ èyí fún ẹni tí ó ti tọ́ ọmọ mẹ́fà yè? Èmi kò sọ ọ́ rárá. Nọ́ọ̀sì tí ó máa ń wá wo ọmọ nílé ni mo bẹ̀ pé kí ó sọ ọ́ lójú wọn, mo sì gbé tẹmọ́mítà ara ògiri lé wọn lọ́wọ́, mo ní kí wọ́n bá mi máa ṣọ́ ọ. Kí ó tó di ọjọ́ kẹta, àwọn gan-an ni wọ́n ń pariwo pé yàrá ti gbóná jù. Yàrá tiwọn náà ní ìwọ̀n tirẹ̀ o: kí ó má lọ sísàlẹ̀ 18°C, nítorí pé òtútù máa ń mú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà ru sókè.

Apòògùn Manchester:

Mo kí gbogbo yín. Ilé dókítà kì í ṣí ní ọjọ́ 25 àti 26 oṣù Kejìlá àti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní, àwọn ilé apòògùn tí ó bá sì ṣí kì í pọ̀. Nítorí náà, oògùn tí ẹ ń gbà lóṣooṣù, ẹ ti béèrè rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá tó parí. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée, kí ó yẹ ẹ̀rọ ìfàsímú rẹ̀ wò lónìí bóyá ó ti ń tán.

Ní ti oògùn ọ̀fìnkìn, ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyẹ̀fun tí a ń pò mọ́ omi gbígbóná fún ọ̀fìnkìn ti ní paracetamol nínú, ẹni tí ó bá sì tún gbé paracetamol mì lẹ́yìn rẹ̀ ti ṣe é ní ìlọ́po, èyí tí ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ekejì ni pé oògùn tí ń tú imú dídí lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sí i, nítorí náà kí Ìyá má ṣe lò ó láìbi wá. Fún ọmọdé, a kì í fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 ní aspirin, a kì í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin, a kì í sì í fi Robb tàbí Aboniki pa ọmọ ọwọ́ lára, pàápàá jù lọ lẹ́bàá imú. Oyin, atalẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ dára fún ẹni tí ó ti dàgbà tí ọ̀fun ń dùn. Èmi pàápàá ń mu ún. Àgbo tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ má kó wá fún ẹni tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí pé méjèèjì lè ta ko ara wọn.

Ohun kan tún wà tí ìwé ìhín kì í sọ tó fún àwa aláwọ̀ dúdú. Wọ́n máa ń ní kí a wò ó bóyá ọmọ ti di aláwọ̀ búlúù, tàbí kí a fi ife tẹ ohun tí ó sú sí i lára wò. Lára tiwa, inú ètè, erìgì, ahọ́n, abẹ́ èékánná, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ̀rọ kékeré tí a ń há mọ́ ìka láti wọn atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ lè sọ iye tí ó ga ju òótọ́ lọ lára awọ dúdú. Bí ọmọ bá ń fa egungun ìhà wọlé bí ó ti ń mí, ẹ gba ojú yín gbọ́ ju nọ́ńbà ẹ̀rọ náà lọ.

Alásè Ayẹyẹ (Woolwich):

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kù, èmi sì rò pé òun ni ó máa ń da ìdílé wa dùbúlẹ̀ ju òtútù lọ. Ẹ wo bí a ṣe máa ń ṣe: a óò se ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù ńlá ní aago mẹ́wàá àárọ̀, a óò gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà nítorí pé fìríìjì ti kún, àlejò yóò máa bù ú títí di òru, a óò sì gbé ìyókù sórí iná ní ọjọ́ kejì. Kòkòrò kan wà nínú ìrẹsì tí sísè kì í pa tán. Bí ìrẹsì bá lọ́wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí púpọ̀, kòkòrò yìí yóò pọ̀ sí i, yóò sì tu májèlé sínú rẹ̀, gbígbóná kò sì lè wẹ májèlé náà kúrò. Ìrẹsì tí a kò bá jẹ lójú ẹsẹ̀, ẹ tú u sínú abọ́ pẹlẹbẹ kí ó tètè tutù, kí ó wọ fìríìjì láàárín wákàtí kan, kí ẹ má jẹ́ kí ó ju ọjọ́ kan lọ níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ sì tún un gbóná. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi dà bí ọ̀rọ̀ òyìnbó, ṣùgbọ́n ìkòkò kéékèèké méjì ni mo máa ń sè nísinsìnyí, ọ̀kan fún ọ̀sán, ọ̀kan fún alẹ́.

Tòlótòló dídì ní ìṣirò tirẹ̀. Nínú fìríìjì tí ó tutù dé 4°C, kílò kan máa ń gbà tó wákàtí 10 sí 12 kí yìnyín rẹ̀ tó yọ́, nítorí náà èyí tí ó wọn kílò márùn-ún nílò ọjọ́ méjì sí méjì àbọ̀. Ìsàlẹ̀ fìríìjì ni kí ó wà, nínú abọ́ ńlá, kí omi ara rẹ̀ má baà kán sórí sàláàdì. Ẹ má sì ṣe fọ̀ ọ́ lábẹ́ omi ẹ̀rọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Milton Keynes):

Ẹ̀gbọ́n Alásè, gbogbo èyí tí ẹ ti ń sọ bọ̀ ni mo gbà, ṣùgbọ́n kí n má fọ ẹran? Ìyá tí ó bí mi lọ́mọ yóò jí dìde!

Alásè Ayẹyẹ (Woolwich):

Ìyá yín kò ní jí o, kí wọ́n máa sinmi. Adìyẹ tí a ń pa lójú wa, tí a ń tú ìyẹ́ àti ìfun rẹ̀, kò sí bí a kò ṣe ní fọ̀ ọ́. Èyí tí a rà ní ìhín, wọ́n ti ṣe gbogbo ìyẹn. Bí omi bá ti ń tú lé e lórí, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní campylobacter yóò ta sára síńkì, sára pákó tí a fi ń gé ẹran àti sórí ife tí ọmọ yóò fi mumi, láìsí pé ẹnikẹ́ni rí i. Láti ọdún 2014 ni Food Standards Agency, àjọ ìjọba tí ń bójú tó ààbò oúnjẹ, ti ń pariwo rẹ̀. Ooru ni ó ń pa á, kì í ṣe omi. Bí ọkàn yín kò bá gbà, ẹ fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ ra á lára nínú abọ́ jíjìn, ẹ fi bébà nù ún, ẹ da bébà náà nù, kí ẹ sì fọ ọwọ́ àti abọ́ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi gbígbóná. Ọkàn á balẹ̀, inú á sì dá.

Nọ́ọ̀sì Leeds:

Níwọ̀n bí a ti mẹ́nu kan inú, ẹni tí ó bá ń bì tàbí tí ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru kí ó má wá síbi àríyá títí yóò fi pé wákàtí 48 tí ó ti dáwọ́ dúró. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní norovirus ni ó sábà máa ń fà á nígbà yìí, sanitáísà ọlọ́tí kì í sì í pa á. Ọṣẹ àti omi ni. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí gbogbo ọmọ máa bu ṣín-ṣín láti inú abọ́ kan náà pẹ̀lú ọwọ́.

Mo gbàgbé fítámì D. Oòrùn ìhín kò lágbára tó láti oṣù Kẹwàá sí oṣù Kẹta, àwa aláwọ̀ dúdú sì ni ó kàn jù: máíkírógíráàmù 10 lóòjọ́ ni ìjọba ní kí gbogbo wa máa lò, àwa sì lè máa lò ó yípo ọdún. Ọmọ tí ó ń mu ọmú ìyá nìkan nílò 8.5 sí 10, ti olómi tí a ń kán sí i lẹ́nu. Èyí tí ó bá ń mu ju mílílítà 500 mílíìkì ọmọ ọwọ́ inú agolo lọ lóòjọ́ kò nílò rẹ̀ mọ́, nítorí pé wọ́n ti fi sínú mílíìkì náà.

Oníṣẹ́ Gáàsì (Oldham):

Iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná ni mo ń ṣe. Ohun tí mo máa ń bá nílé àwọn ará wa lóṣù Kejìlá nìyí: owó iná ti wọ́n, wọn a ti ẹ̀rọ pa, wọn a gbé àdògán èédú tí wọ́n fi sun súyà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọlé, tàbí kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ààrò gáàsì sílẹ̀ kí ilé lè móoru. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Carbon monoxide, èéfín olóró tí èédú àti gáàsì lè tú sílé, kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Orí á máa fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, òòyì á máa kọ́ wọn, wọ́n á rò pé flu ni. Bí wọ́n bá sì jáde síta, á fúyẹ́. Èédú kì í kú kíákíá bí a ṣe rò, kódà bí ojú rẹ̀ bá ti di eérú. Ẹ ra ẹ̀rọ tí ń dún bí ó bá gbọ́ èéfín náà, kí ẹ sì fi í sí gbogbo ibi tí iná gáàsì wà.

Ekejì ni nǹkan dúdú tí ó ń hù lára ògiri. Ìdílé tí ó bá ń sá aṣọ sínú ilé, tí ó ń se ọbẹ̀ láìṣí fèrèsé, tí ó sì kún fún àlejò, ọ̀rinrin kò ní wọ́n wọn. Ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kódà bí ó tutù, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná bí ìkòkò bá ń hó. Bí ilé bá jẹ́ ti káńsù tí ó sì ń hù bẹ́ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ sì ya àwòrán rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ọmọ ọdún méjì kan, Awaab Ishak, kú ní Rochdale, nítòsí ibi tí mo ń gbé, nítorí ohun tí ó ń hù lára ògiri ilé wọn. Ikú rẹ̀ ni ó bí òfin tí ó ń fi dandan mú àwọn káńsù àti ẹgbẹ́ onílé (housing association) ní England láti yẹ irú rẹ̀ wò kí wọ́n sì tún un ṣe láàárín àkókò kúkúrú.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ (Cardiff):

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí nítorí Ìyá tí ń bọ̀. Bí ara wọn bá gbóná láàárín oṣù díẹ̀ tí wọ́n bá dé, ẹ má ṣe gbà pé flu lásán ni, ẹ má sì jẹ́ kí dókítà gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó béèrè pé láti Nàìjíríà ni wọ́n ti dé, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún ibà ẹ̀fọn (malaria) lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sílé fún Kérésìmesì, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀. Agbára tí ara wa fi ń gbá ibà mọ́lẹ̀ nígbà tí a ń gbé nílé máa ń ṣá lọ bí a bá ti pẹ́ níhìn-ín, àwọn ọmọ tí a sì bí síhìn-ín kò ní in rárá. Oògùn adènà ibà tí wọ́n ń pè ní atovaquone àti proguanil ni a máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì kí a tó gbéra, lójoojúmọ́ níbẹ̀, àti ọjọ́ méje lẹ́yìn tí a bá dé. Ọjọ́ méje tí ó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń jù nù. Ẹni tí ó ní SS kò gbọdọ̀ fi eléyìí ṣeré, nítorí pé ibà lè dá ìrora sílẹ̀ fún un. Ọyẹ́ náà yóò ti máa fẹ́: ẹ mú òrí àti ẹ̀rọ ìfàsímú ikọ́ fée dání. Ní agbègbè Ọ̀wọ̀ tiwa, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí náà ni ibà Lassa máa ń gbòde, nítorí náà ẹ máa dé gààrí yín mọ́lẹ̀ dáadáa kí eku má baà débẹ̀.

Ìyá Ọmọ Méjì (Birmingham):

Mo dúpẹ́ gan-an lọ́wọ́ gbogbo yín, ire wa kò ní tán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí jì mí: bí Ìyá bá ṣàìsàn, ṣé wọn yóò tọ́jú wọn? Àwọn kan sọ pé owó gọbọi ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò.

Apòògùn Manchester:

Ní England, àlejò lè rí dókítà àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lọ bá tiyín kí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀ka pàjáwìrì náà kì í gba owó fún ìtọ́jú tí wọ́n bá ṣe níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbà wọ́n sí wọ́ọ̀dù ni owó bẹ̀rẹ̀, ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìtọ́jú náà ná wọn sì ni wọ́n máa ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó fi físà àbẹ̀wò wọlé. Nítorí náà, ẹ ra ìwé adójútòfò ìrìn-àjò fún wọn kí wọ́n tó gbéra, ẹ má sì fi ẹ̀jẹ̀ ríru pamọ́ nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀, nítorí pé ilé-iṣẹ́ náà lè kọ̀ láti sanwó bí wọ́n bá rí i lẹ́yìn náà.

Kí wọ́n kó oògùn tí yóò tó wọn títí di oṣù Kejì wá, kí ó kọjá bẹ́ẹ̀ díẹ̀, nínú páálí tí wọ́n fi tà á, kí wọ́n sì gbé e sínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe àpótí tí yóò wọ abẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Orúkọ tí ilé-iṣẹ́ oògùn ń pè é nílé lè yàtọ̀ sí ti ìhín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí dókítà wọn ní Ìbàdàn kọ orúkọ oògùn náà gan-an àti ìwọ̀n rẹ̀ sórí ìwé. Ẹ ya àwòrán ìwé náà sórí fóònù yín àti ti ọkọ yín. Bí ẹ bá fi orúkọ oògùn náà ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó dé, mo lè sọ fún yín ohun tí a ń pè é níhìn-ín.